Èrò Sàwúdá

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Sùlèímọ̀n, inú ń bí mi. Ọdún Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta, máṣìnnì mi daṣẹ́ sílẹ̀, aṣọ àwọn ènìyàn sì kún ṣọ́ọ̀bù mi ní Asafo, ní Kumasi, dé ẹnu ọ̀nà. Kò sí oníbàárà tó ń gba àwáwí lọ́dún. Ama, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ló sọ fún mi pé ọmọ Yorùbá kan ti dé sí Santasi tó ń tún máṣìnnì ṣe. Ó ní ọwọ́ ọmọkùnrin náà yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Mo gbé máṣìnnì sínú táàsì, ó di Santasi.

Irọ́ ni Ama pa. Ẹnu ọkùnrin náà ló yá jù.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá télọ̀. Kí ló ṣe é?"

"Bí mo bá mọ ohun tó ṣe é, ṣé màá wá síbí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fi orúkọ mi sílẹ̀, kí n padà wá lọ́la.

Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ kejì, mo bá ìwé pélébé kan tó so mọ́ máṣìnnì mi lọ́rùn. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni: *Ero Sawuda*.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé Kumasi ni wọ́n bí mi sí. Ẹnu Bàbá mi ni mo ti gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ti orí ìwé, èmi ni mo fipá kọ́ ara mi. Nílé wa ní Aboabo, máṣìnnì là ń pe máṣìnnì. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ẹ̀rọ rí láyé mi. Ohun tí mo kà ni *èrò*. Èrò Sàwúdá.

"Ọ̀gá," mo ní, "ta ló sọ fún yín pé mò ń rò yín?"

Ó wo ìwé náà, ó wò mí. Ó pẹ́ kí ó tó yé e.

"Ẹ̀rọ ni mo kọ o. Ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ̀rọ Sàwúdá."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi àmì sí i?"

"Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ kò wá àmì." Ó fi àkísà nu epo ọwọ́ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àmọ́ tó bá jẹ́ èrò náà ni, n ò ní bínú."

Ojú tì mí. Mo sanwó, mo gbé máṣìnnì mi, n kò tilẹ̀ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n n kò já ìwé náà kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni máṣìnnì mi ti ń ṣàìsàn. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń gbé e lọ sí Santasi. Ama wò mí títí, ó ní, "Sàwúdá, mepa wo kyɛw, jọ̀ọ́, máṣìnnì yìí ni ara rẹ̀ kò yá ni, àbí ìwọ?" Mo ti nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà tán. Ó ti bi mí ní oríkì mi, ó sì ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́, orúkọ tí ẹnìkan kò pè mí mọ́ látìgbà tí ìyá mi ti kú.

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, ó sì dúró síbẹ̀. Bàbá mi, Alfa Sànúsí, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ní Aboabo, ní kí Sùlèímọ̀n mú àwọn ènìyàn rẹ̀ wá. Sùlèímọ̀n ránṣẹ́ sí Ìlọrin. Èsì tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ kò gùn: òun kò bí ọmọ fún ará Gánà, òun kò sì mọ ìyàwó kankan ní Kumasi.

"Alàájì ńkọ́?" mo bi Sùlèímọ̀n. Alàájì ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, olórí agbo-ilé wọn.

"Alàájì kì í sọ̀rọ̀, ìwé ló ń kọ. Ó ní ìwé ńlá kan tó ń kọ gbogbo ohun tó wà nílé wa sí. Ọmọ, ìyàwó, ewúrẹ́. Ewúrẹ́ wa kan kú, ó fa igi lé e." Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó dùn ún.

Bàbá mi ní kò burú. Ó ní òun á so yìgì fún wa, àmọ́ a ó tún lọ sí ọ́fíìsì ìjọba lọ buwọ́ lùwé. "Bí àwọn ènìyàn rẹ kò bá mọ ọmọ mi," ó sọ fún Sùlèímọ̀n, "ìjọba á mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ sọ pé o ò mọ̀ ọ́n rí, wàá sọ ọ́ níwájú adájọ́." Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni a so yìgì. Lọ́jọ́ Ajé a lọ sí ọ́fíìsì, Ama ṣe ẹlẹ́rìí, mo di ìyàwó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún méjì tó tẹ̀ lé e dùn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà á bí mo ṣe sọ ọ́. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tó ṣeé fi pa ìtàn: à ń ṣiṣẹ́, à ń jẹun, à ń tọ́jú ara wa. Bí Iléyá bá ti ń bọ̀, mo máa ń rán bùbá kan sí ìyá rẹ̀. N kò wọ̀n ọ́n rí. Ọwọ́ Sùlèímọ̀n ni mo fi ń mọ bó ṣe tóbi, á na ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì, á ní, "Ó tó báyìí." Àúdù, dẹ́rẹ́bà tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù rìn láàárín Èkó àti Kumasi, ló ń bá mi fi aṣọ náà ránṣẹ́. Ìyá kò sọ pé ó dára, kò sọ pé kò dára.

Lọ́dún 1990 ni bàbá Sùlèímọ̀n kú. Sùlèímọ̀n lọ sin ín ní Ìlọrin. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lòun ó lò, ó di oṣù mẹ́ta. Mo ń retí, mo ń rù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aláàárù kan láti ìdíkọ̀ Asafo wọ ilé Bàbá mi, níbi tí mo ń gbé látìgbà tí Sùlèímọ̀n ti lọ, ó na lẹ́tà sí mi. Hausa ló ń sọ, àmọ́ ó gbìyànjú Yorùbá fún mi. "Sàwúdá, tàkàdá rẹ rèé," ó ní. Ó ní Àúdù ló já a sílẹ̀ ní ìdíkọ̀, ó sì ti gba ọ̀nà Tamale lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló bà wá jẹ́. Ìwé lásán ni tàkàdá lẹ́nu Hausa. Ṣùgbọ́n ní Aboabo, bí wọ́n bá ní ọkùnrin fún ìyàwó rẹ̀ ní tàkàdá, gbogbo ayé mọ̀ pé ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ni. Kí n tó ya ẹnu lẹ́tà, Àǹtí Nímátù, àbúrò Bàbá mi, ti káwọ́ lérí.

Mo kà á sókè fún wọn:

"Sàwúdá mi, mo kí ọ. Mo ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Alàájì. Màmá náà ti fọwọ́ sí i. Má bínú pé n kò sọ fún ọ tẹ́lẹ̀. Kó ẹrù rẹ jọ. Àúdù yóò sọ ìyókù fún ọ."

Àǹtí Nímátù ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀ àbí n ò sọ bẹ́ẹ̀? Ìyá rẹ̀ ti jagun, ó ti ṣẹ́gun. Ó tún ń pè é ní Sàwúdá mi. Ẹ ò rí i bó ṣe ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́."

Bàbá mi ń fa tẹ̀sùbáà. Ó fà á dé òpin, ó ní, "Ní ti ẹ̀sìn, ó ti parí nìyẹn. Ìwé ìjọba ló kù. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é, mo rò pé mò ń fi de ọkùnrin náà ni. Lọ wá lọ́yà, kí wọ́n tú ọ sílẹ̀. Ẹnìkan ò ní ju ọmọ mi nù kí n máa wò ó."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń wá lọ́yà kiri Kumasi nìyẹn, èmi tí n kò ì tíì gbọ́njú mọ ọ̀nà kóòtù.

Lọ́yà àkọ́kọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ wà ní Adum, nínú yàrá tó tutù bí yìnyín. Kò gbójú sókè. Ó ní èló ni mo mú wá. Ó dárúkọ owó tí yóò gbà kí ó tó ṣí fáìlì, mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, ó tó ra máṣìnnì méjì. Mo ní kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Ó ní tí owó bá dé, ọ̀rọ̀ á dé.

Èkejì ń fi tápìráítà tẹ̀wé lábẹ́ igi nítòsí kóòtù. Ó ní òun lè fún mi ní dífọ́ọ̀sì kí n tó jẹun ọ̀sán, tòun ti òǹtẹ̀ pupa. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Inú mi ti fẹ́ máa dùn kí n tó rí i pé òǹtẹ̀ tó ń fi hàn mí, ti ilé-iṣẹ́ oníbúrẹ́dì kan ni.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó ti Ama, mo sunkún dáadáa.

"Gbọ́," Ama ní. "Ìyá mi kọ ọkọ mẹ́ta, ó mọ lọ́yà. Ó ní èyí tó bá béèrè owó kó tó béèrè ọ̀rọ̀, sá fún un. Èyí tó bá ní ọ̀rọ̀ rẹ ò le rárá, sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní obìnrin kan wà tí kì í ṣe méjèèjì. Dìde, ká lọ."

Òkè ṣọ́ọ̀bù onítáyà kan ni ọ́fíìsì Lọ́yà Efua wà. Obìnrin náà ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ó bu omi fún mi mu. Twi la jọ ń sọ.

"Kí lo fẹ́, ọmọ mi?" ó ní.

"Dífọ́ọ̀sì, Mà."

"Ohun tí wọ́n ní kó o wá gbà nìyẹn. Mo ní kí lo fẹ́?"

Bàbá mi ti bínú, Àǹtí mi ti bínú, gbogbo àdúgbò ti bá mi bínú. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó bi mí ní ìbéèrè yìí. Mo ṣí ẹnu, ohun tó jáde yà èmi alára lẹ́nu.

"Ọkọ mi ni mo fẹ́."

"Ó dáa. Ẹni tó bá fẹ́ ọkọ rẹ̀ náà lè ní lọ́yà. Mú lẹ́tà wá."

Ó ní kóòtù kì í ka Yorùbá. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò túmọ̀ rẹ̀, tí yóò sì búra pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo béèrè pé èló ló máa gbà. Ó wo kaba tó wà lára Ama, èyí tí mo rán. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ń ṣègbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀, kí n rán irú rẹ̀ kan fún òun. "Bí ẹjọ́ bá gùn, á di méjì."

Ẹni tí Lọ́yà ránṣẹ́ pè ni Tíṣà Abọ́dẹrìn, bàbá arúgbó ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní ilé-ìwé Onítẹ̀bọmi. Lọ́jọ́ kẹta ó gun àkàsọ̀ wá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ka lẹ́tà mi lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbé bírò tí lọ́yà fún un sílẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé ọkùnrin yìí kọ̀ ọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Kà á fún mi."

Mo kà á. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí, mo ti kà á tó ìgbà ọgọ́rùn-ún.

"Ó dáa. Fi ìka rẹ lé àmì tó wà lórí kọ̀ yẹn."

Mo tẹ̀ síwájú láti fi ìka lé e. Ìka mi ń wá ibi tí yóò bà sí. Ohun tó wà lórí ìwé nìyí: *Mo ti ko o sile*. Kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀.

"Ó lè jẹ́ kọ̀," Tíṣà ní, "ìyẹn ni pé ó lé ọ lọ. Ó sì lè jẹ́ kọ, ìyẹn ni pé ó fi bírò kọ orúkọ rẹ síbì kan. *Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.* Ọmọ mi, ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ kọ ara rẹ. N kò lè búra lórí ìwé yìí."

Ó yí padà, ó ṣàlàyé fún Lọ́yà Efua ní Twi. Lọ́yà rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́ sáyà.

"Ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ fi ń lé obìnrin jáde, tí ẹ tún fi ń kọ ọ́ wọlé?"

"Ohùn rẹ̀ kò dọ́gba, Mà," Tíṣà ní, inú rẹ̀ kò dùn sí i.

Èmi kò gbọ́ wọn mọ́. Ìwé pélébé tó wà lọ́rùn máṣìnnì mi ni mò ń rò. Ero Sawuda. Ọkùnrin tí kì í fi àmì sí nǹkan. Mo wá rántí Alàájì àti ìwé ńlá rẹ̀. Ọmọ, ìyàwó, ewúrẹ́. Mo dìde, mo tún jókòó.

"Jẹ́jẹ́," Lọ́yà Efua ní. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo lè gba owó lọ́wọ́ rẹ lónìí kí n gbé ọ̀rọ̀ olójú méjì lọ bá adájọ́. N kò ní ṣe é. Màá kọ̀wé sí i, màá bi í léèrè."

Mo sọ ọ́ nílé, Àǹtí Nímátù pòṣé. Ó ní ìyá tó ní òun kò mọ̀ mí, kí ló máa fọwọ́ sí bí kò ṣe kíkọ̀? Bàbá mi ní ká dúró de èsì. Ojú rẹ̀ kò fi hàn pé ó gbà á gbọ́. Èmi náà, bí mo bá gbà á gbọ́ láàárọ̀, màá tún ṣiyè méjì kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Lẹ́tà lọ́yà kò tíì lè dé Ìlọrin lọ́jọ́ tí táàsì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, àwọn ènìyàn ń tinú mọ́ṣáláṣí jáde. Ìyá àgbàlagbà kan ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ di ìbàdí mú, ó wo ilé wa lókè wò ó nísàlẹ̀. Ó wọ bùbá kan tó bá a mu rẹ́gí. Mo mọ ojú rírán yẹn. Ọwọ́ mi ni.

Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé ohùn sókè, gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ:

"Ìyàwó tí a kọ sílẹ̀ dà?"

Kọ ló pè. Kọ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Àǹtí Nímátù jókòó sórí ìkòkò omi. Bàbá mi ní, "Alihamdulilahi," ó sì yíjú sí ògiri kí a má bàa rí omi ojú rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ mi. Ó fà mí dìde, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ ni? Alàájì kọ ọ́ sínú ìwé ilé, a pa àgbò, a wẹ yàrá mọ́, a ní kó o wá. A ò rí ọ. Mo ní àbí ìwọ lo wá kọ̀ wá? Ó sì tọ́ sí mi." Ó fọwọ́ kan ọrùn bùbá rẹ̀. "Àpótí ni mo kó wọn sí. Ọjọ́ tí bàbá Sùlèímọ̀n kú ni mo ṣí i, tí mò ń wá aṣọ tí màá wọ̀. Èyí tí mo wọ̀ ló bá mi mu. Ìyẹn náà bá mi mu. Mo jókòó síbẹ̀, mo ní ọmọ tí kò rí mi rí mọ̀ mí tó báyìí, èmi wá ní n kò mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Sùlèímọ̀n dúró sí pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́," ó ní, "Àúdù kò sọ fún ọ ni?"

Mo fẹ́ gbá a létí, mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Mo dì mọ́ ọn lójú Bàbá mi, lójú ìyá rẹ̀, lójú gbogbo Aboabo.

Lọ́jọ́ Ajé a lọ sí ọ̀dọ̀ Lọ́yà Efua. Mo gbé kaba rẹ̀ dání. Ó gbé e wò, ó bá a mu, ó yí ara po lẹ́ẹ̀mejì níwájú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ó wo ọkọ mi bí adájọ́ ṣe ń wo ọ̀daràn.

"Ìwọ lo fẹ́ fi àìfàmìsí tú ilé rẹ ká?"

Sùlèímọ̀n dọ̀bálẹ̀. Lọ́yà mú bébà, ó kọ ìwé kan ní Gẹ̀ẹ́sì pé èmi, Sùlèímọ̀n, láti òní lọ, n kò ní kọ lẹ́tà sí ìyàwó mi láìfi àmì sí i. Ó ní kó buwọ́ lù ú. Ama ṣe ẹlẹ́rìí, ó ní òun ti mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Lọ́yà wá fa fáìlì mi yọ, ó kó o fún mi. Ó ní nínú gbogbo ẹjọ́ tí òun ti ṣe, èyí tó dùn mọ́ òun jù ni èyí tí kò dé kóòtù yìí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni a ó gbéra lọ sí Ìlọrin, kí n lọ fojú ara mi rí orúkọ mi. Kí a tó lọ, Sùlèímọ̀n wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé òun fẹ́ fepo sí máṣìnnì. Ìwé pélébé yẹn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti pọ́n, etí rẹ̀ ti já. Ó já a, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó yọ bírò lápò, ó rọra ń fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó so ó padà.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo kà á. *Èrò Sàwúdá.*

"Ọkọ mi," mo ní, "o ṣì í kọ."

Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀, kò gbójú sókè.

"N kò ṣì í," ó ní.